Ilé Tí Chausiku Fi Pamọ́

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù kẹrin
Zuhura ọmọ mi ní kí n máa sọ ọjọ́ mi sínú fóònù. Ó dáa. Mò ń sọ ọ́. Àwọn ọmọ onílé ti ta ilé yìí. Ẹni tó rà á yóò wó o ní ìparí oṣù. Zuhura ní bí mi ò bá rílé, òun ń bọ̀ wá kó mi lọ sí Dodoma. Kí n lọ máa jẹun nílé ọkọ ọmọ mi? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Mo fẹ́ ilé tó jìnnà sí Magomeni tí mò ń gbé yìí. Láti ìgbà tí Siwema ìyàwó mi ti kú, àràárọ̀ ni wọ́n ń kí mi kú ìrọ́jú ní àdúgbò yìí. Ọdún méjì. Ó tó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹrin
Mo ti rí dalali, alágbàtà ilé, tí yóò bá mi wá ilé. Obìnrin ni, Chausiku. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi — mo sọ ọ́ ní Ẹ̀fúùfù. Ó fẹ́ máa wá gbé mi nílé. Mo kọ̀. Àlejò ti sú mi. Ibùdókọ̀ ojú títì la ó ti máa pàdé. Èmi ni n ó máa san owó bajaji, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ó máa wọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ọjọ́rú, 9 oṣù kẹrin
A lọ wo yàrá kan ní Mbagala. Ẹ̀fúùfù kó oníbàárà míì mọ́ wa nínú bajaji, kí owó ọkọ̀ lè fúyẹ́. Aránṣọ kan, onírùngbọ̀n. Ìdí rẹ̀ gba àyè ẹni méjì, owó ẹnìkan ló san. Yàrá náà dára, ṣùgbọ́n ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ fara ti ibi ìdáná. Mo kọ̀ ọ́. Onírùngbọ̀n ní òun á rò ó.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 oṣù kẹrin
Onírùngbọ̀n ti rò ó. Ó dá padà lọ bá onílé, ó gba yàrá náà lẹ́yìn Ẹ̀fúùfù, kò fún un ní nǹkan kan. Ẹ̀fúùfù pè mí, ó sunkún díẹ̀, ó ṣépè púpọ̀. Ó ní láti òní lọ, oníbàárà kankan ò ní mọ ọ̀nà ilé tí òun bá fi hàn án. Mo ní ṣebí òun náà ló kó o mọ́ wa. Ó ní, "Ká ní ẹ̀yin náà sanra ni, Bàbá, ibo ni ì bá jókòó sí?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 oṣù kẹrin
Òjò. Ẹ̀wà àná ni mo jẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù kẹrin
Kigamboni. Ilé tó dára, àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀. Orúnkún mi ti kọ̀ ọ́ kí èmi tó kọ̀ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 17 oṣù kẹrin
Zuhura pè. Ó ti ra ibùsùn fún mi ní Dodoma. Ẹ̀rù bà mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù kẹrin
Òjò ńlá. Ẹ̀fúùfù ta aṣọ ọ̀rá bajaji sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, mi ò rí ìta mọ́. A lọ, a yà, a tún yà. Mo bi í pé ibo là ń lọ. Ó ní ibi tó jìnnà dáadáa ni, bí mo ṣe fẹ́. Inú mi dùn. Mo tiẹ̀ sùn.

A dé. Yàrá méjì, kò sí àtẹ̀gùn, òrùlé ò jò. Ó wù mí. Òjò ti dá, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé. Mo gbójú sókè lórí ògiri — òrùlé mi nìyẹn. Páànù tèmi, tí mo fi òkúta tẹ̀. Òpópónà kejì ni ẹnu ọ̀nà ilé yìí kọjú sí. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ láti ọjọ́ yìí.

Mo fẹ́ figbe bọnu. Mo wá gbọ́ Mama Kulwa, aládùúgbò mi, lódì kejì ògiri. Ó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn mi.

"Arúgbó elẹ́nu ata yìí ti tún jáde sínú òjò. Ó ní òun ń wá ilé síbi tí wọn ò ti mọ òun. Ta ni yóò gbà á? Àwa tá a ti mọ̀ ọ́n gan-an, à ń fara dà á ni."

Ẹnì kejì ní kó gbé oúnjẹ náà kalẹ̀ kó máa bọ̀.

"Kí n gbé e kalẹ̀? Tó bá tutù, èmi ni yóò bú dọ́la."

Mo dúró. Kò sí àánú kankan lẹ́nu obìnrin yẹn. Èébú gidi ni. Ó pẹ́ tí nǹkan ti dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀fúùfù jáde wá, ó ní kí ló dé, àbí ibẹ̀ ò jìnnà tó ni? Mo ní ó tó. Mo ní mo gbà á.

Ọjọ́ Ajé, 21 oṣù kẹrin
Orí ògiri la gbé ibùsùn mi gbà. Mama Kulwa gorí àga, ó ń pàṣẹ, ó ń bú gbogbo wa. Ẹ̀fúùfù gbé bajaji wá láti kó ẹrù. Ó wo ògiri, ó wò mí, ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Zuhura pè nírọ̀lẹ́. Ó ní ṣé ilé tuntun náà jìnnà lóòótọ́. Mo ní ó jìnnà. Mo ní mo sùn, mo jí nínú bajaji, ká tó débẹ̀.