Ehoro Wá Kun Ọgbà Ibojì

Ọjọ́bọ̀, 24 oṣù Kẹrin

Ehoro dé. Ọmọ mi ni, Gleb ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n láti òní lọ Ehoro ni yóò máa jẹ́ nínú ìwé yìí, nítorí òjìji ara rẹ̀ pàápàá ló ń sá fún. Ọkùnrin ẹni ogójì ọdún, ẹnjiníà ní Gdansk nílẹ̀ òkèèrè — ó gba ẹnu ọ̀nà mi wọlé bí ẹni tó wá jí adìẹ gbé. Kó tó kí mi, ó ti fa kọ́tìnì. Kó tó bọ́ bàtà, ó ti gba fóònù mi, ó kó o sínú fíríìjì pẹ̀lú tirẹ̀, ó tò wọ́n ti ẹja. Mo ní ṣé ooru ń mú wọn ni. Ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀, pé fóònù ń tẹ́tí.

Ó sùn mọ́jú ní ibodè Brest tí a ń gbà wọ ilẹ̀ wa. Wọ́n bi í léèrè ẹni tó ń lọ wò, wọ́n tú fóònù rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi àwòrán ológbò. Ológbò lórí àga, ológbò lójú fèrèsé, ológbò nínú síńkì. Ehoro ò sì ní ológbò. Ó gba àwòrán náà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, nítorí ó ní fóònù tó bá ṣófo ń mú ìfura wá. Ohun tí ìwé tó kà ní yunifásítì Minsk dà nìyẹn. Bàbá rẹ̀ gba ibodè yìí kan náà kọjá láyé ìjọba àná, ó wọ ṣòkòtò jíìnsì mẹ́ta léra wọn láti fi ṣe fàyàwọ́, ó sì ń kọrin.

Láti ọdún 2020 ló ti lọ. Ó bá ogunlọ́gọ̀ jáde sí títì láti ta ko ìjọba ní ìgbà ooru ọdún náà, wọ́n ya wọ́n ní fọ́tò, ó sá lọ kí òtútù tó mú. Bàbá rẹ̀ kú, orí fóònù ló ti wo bí a ṣe sin ín. Láti Kérésì ni mo ti ń bú u: ọ̀mùtí ọmọ Zoya aládùúgbò wa pàápàá ń wá kun ọgbà irin tó yí ibojì bàbá rẹ̀ ká, lọ́jọ́ Radunitsa tí gbogbo ìlú ń lọ kí òkú wọn. Èébú náà ló mú un wá. Kì í ṣe ìgboyà, ẹ má gbọ́ ọ.

Mo din àkàrà ọ̀dùnkún. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi búrẹ́dì nu àwo. Irun orí rẹ̀ ti ń tán lọ. Mi ò sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù Kẹrin

Kò jáde. Ó ní kí n má ṣí fèrèsé — nínú ilé tí mo bí i sí. Gbogbo ìgbà tó bá mu tíì, kíá ló ń fọ ife rẹ̀, á nù ún, á dá a padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, á tún tẹ́ ibùsùn bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò sùn síbẹ̀. Àpò rẹ̀ kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo bi í bóyá èmi ni mo ń lé e tàbí ọlọ́pàá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 oṣù Kẹrin

Mo ti sọ ọ́ fún wọn. Kí ni kí n ṣe?

Bẹ́ńṣì kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Zoya Ignatyevna ló ni ín, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Rédíò ni mo ń pè é. Ìsàlẹ̀ ló ń gbé, fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà, èèrà ò lè gòkè wá sí àjà kẹta tiwa kí ó má mọ̀. Lọ́fínńdà rẹ̀ á ti kí ọ kó tó kí ọ. Taisa máa ń jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ohun gbogbo ni Taisa ń mi orí sí.

Ehoro ti mú mi búra pé mi ò ní sọ. Mo búra. Àfi bí Rédíò ṣe la ẹnu lónìí, pẹ̀lú ohùn àánú yẹn, tó dùn bí oyin tó ti kan:

"Ìyá Gleb, Kolya mi ti ra ọ̀dà. Ẹ jẹ́ kó bá yín fi ìyókù kun tiyín. Àwa náà ṣáà mọ̀ pé ẹ ò lẹ́nìkan."

Kolya. Kolya tó máa ń sùn sáàárín ibojì méjì kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo ní kó bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Kolya gan-an, ọmọ mi wà lókè, ó ń sinmi.

"Mo mọ̀," ni Rédíò wí, ó ń bó èèpo lára èso òdòdó oòrùn. "Lọ́jọ́bọ̀ ni mo ti rí i. Mo ní kí n wo ọjọ́ tí ẹnu á yún yín."

Obìnrin burúkú. Kò jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀ rárá.

Mo jẹ́wọ́ fún Ehoro. Ó fà mí wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi kí ariwo lè bo ọ̀rọ̀ wa, ó jókòó sí etí agbada ìwẹ̀. Ó ní ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wálé wá sin ìyá ìyá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ìdí oúnjẹ òkú ni wọ́n ti mú un, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo ní ta ló mọ̀ ọ́n? Nínú fọ́tò tó ń tìtorí ẹ̀ sá kiri yìí, ọkùnrin onísanra kan ló dí i, etí rẹ̀ nìkan ló yọ. Ṣé etí ni wọ́n máa wá mú?

Ó ní, "Màámi, etí náà tó wọn."

Ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kẹrin

Ó tún ẹ̀rọ omi ilé ìdáná ṣe. Ó kẹ̀yìn sí mi títí ó fi parí. Láti ẹ̀yìn, ọrùn bàbá rẹ̀ gẹ́lẹ́ — mo jáde kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù Kẹrin

Ọjọ́ tó dára. Mo pàdé Méjì ní ṣọ́ọ̀bù.

Vadim Sushko ni, ọlọ́pàá àdúgbò wa. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìṣirò láti kékeré títí ó fi jáde, máàkì méjì nínú márùn-ún ni mo sì ń fún un, nítorí kò sí èyí tó kéré jù ú lọ tí mo lè fún un láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ wá sunkún lọ́fíìsì. Inú ìwé Gleb ló ti ń wò kọ. Lónìí aṣọ ìjọba há mọ́ ọn níkùn, ó gbé sọ́sééjì dání, ó ṣí fìlà nígbà tó rí mi. Gbogbo àwọn tó tò ń gbọ́.

"Tíṣà, ẹ kú ọdún Àjíǹde. Ṣé ẹ̀yin nìkan náà lẹ tún máa lọ síbojì lọ́la? Mo lè wá bá yín pọn omi."

Méjì ń ṣàánú mi! Ẹni tí kò lè pín mẹ́rìnlélógún sí mẹ́fà láìfi ọwọ́ kà á. Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Mo ní, "Má ṣe ìyọnu, Vadim. Gleb wà nílé. Ẹni tí o máa ń wo ìwé ẹ̀ kọ, o rántí? Ẹnjiníà ni báyìí."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọrùn rẹ̀ pọ́n. Ó wo sọ́sééjì ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń wo pátákó ìkọ̀wé, ó ní òun rántí, ó ní kí n bá òun kí i.

Mo rìn wálé bí ẹni tí wọ́n ń fọn fèrè níwájú rẹ̀. Mi ò tíì sọ fún Ehoro. Ó lè wọ inú fíríìjì lọ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 oṣù Kẹrin. Radunitsa

Ọ̀dà ṣì wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ń yí ìwé.

Àfẹ̀mọ́jú ló ní ká lọ. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń ro bí n ó ṣe gba ẹnu géètì yẹn wọlé nígbà tí gbogbo ìlú bá pé, kí ọmọ mi gbé korobá tẹ̀lé mi — àwa àti ẹyẹ ìwò la jọ wọlé. Kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀. Àfi Rédíò, ẹni tí ọkọ rẹ̀ sùn sítòsí tèmi, tó ń nu òkúta. Ó mú ẹyin tó fi èèpo àlùbọ́sà pa láró wá, ó fún Gleb ní ọ̀kan, ó fi tirẹ̀ kàn án títí ọ̀kan fi fọ́, bí àṣà Àjíǹde, ó ní Gleb ti rù, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọ̀dà aró la rà. Ọwọ́ Ehoro gún régé, ó ń fà á gùn, kò kán sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ kò sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ń sọ ohun tí wọ́n ń kọ́ ní etíkun níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó da ọtí sílẹ̀ fún un, ó mu tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, òótọ́ ni, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ fi kún un. Mo bá sọ ti Méjì fún un, bí gbogbo èèyàn ṣe rẹ́rìn-ín.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ti ń sọ òwe yẹn fún ọmọ ọlọ́mọ láti ogójì ọdún.

Kò pariwo. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì lé ẹnu agolo. Ó béèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Mo ní lánàá, lọ́sàn-án. Ó gbé àpò kọ́, ó fẹnu ko òkúta bàbá rẹ̀, ó fẹnu kò mí lórí, ó ní bí òun bá kọjá ibodè, òun á fi ológbò ránṣẹ́. Ó gba ẹ̀yìn ògiri lọ. A ò jókòó díẹ̀ kí arìnrìn-àjò tó gbéra, bí àṣà wa. Ìdajì ọgbà jẹ́ aró, ìdajì jẹ́ ìpẹtà. Mo jókòó, mo bú u fún òkú náà. Mo ní wo ọmọ tí o bí. Ojo paraku.

Nígbà tí mo délé, Méjì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tí mi ò mọ̀ rí: pẹ́lẹ́ńgẹ́, bàtà rẹ̀ ń dán, kò kí àgbà. Rédíò àti Taisa wà lórí bẹ́ńṣì. Onítọ̀hún ní òun ń wá Gleb.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé orí ọmọ mi pé. Mi ò lè sọ pé kò wọ ilẹ̀ yìí, ibodè ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Mo bá ní kò wá sọ́dọ̀ mi.

Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, lánàá lẹ sọ fún ọ̀gá yìí pé ó wà nílé."

"Mo parọ́ ni. Ó ń ṣàánú mi lójú gbogbo èèyàn, ojú tì mí, mo parọ́. Ọmọ mi wá sílé lóòótọ́, Minsk ló lọ, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Kò yà wá wò mí."

Létí Rédíò ni mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n jẹ ọṣẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin náà sì yíjú sí i, ó bi í bóyá ó rí Gleb. Nínú gbogbo ayé, bí wọ́n bá ní kí n mú ẹni tí mi ò ní fi ẹ̀mí adìẹ mi sí lọ́wọ́, òun ni n bá mú.

Kò wò mí. Ó tu èèpo lẹ́nu. "Gleb wo? Èmi tí mo wà lójú fèrèsé yìí tọ̀sán-tòru? Bí ọmọ yẹn bá fẹsẹ̀ kan ibí, ṣé obìnrin yìí á jẹ́ ká rímú mí? Àtìgbà Kérésì ló ti ń sọ pé ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Ọmọ ò wá. Orí ìyá arúgbó ti ń dàrú ni, ẹ fi sílẹ̀."

Taisa mi orí.

Wọ́n gòkè. Ife kan lórí tábìlì. Ibùsùn kan ṣoṣo ló dà bí pé èèyàn sùn sí. Ọkùnrin náà wo ọ̀dà ọwọ́ mi, mo ní èmi fúnra mi ni mò ń kun ọgbà ọkọ mi, ta ló kù? Méjì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́. Ọmọ yẹn ò mọ ìṣirò rí.

Ọjọ́rú, 30 oṣù Kẹrin

Mo fa kọ́tìnì fúnra mi. Ológbò ò tíì dé.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù Karùn-ún

Fóònù wà nínú fíríìjì. Mò ń ṣí i, mò ń tì í. Ẹja gan-an ti mọ̀ mí lójú.

Nígbà tí mo tún ṣí i lọ́sàn-án: ológbò nínú síńkì.

Mo jókòó sórí ilẹ̀ ilé ìdáná, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Lẹ́yìn náà mo pa àwòrán náà rẹ́. Kò ní lè wá mọ́. Wọ́n á máa retí rẹ̀ ní ibodè báyìí, èmi ni mo pe àkíyèsí wọn. Bí mo bá kú, orí fóònù náà ni yóò ti wò mí.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Karùn-ún

Ọ̀rọ̀ ti kárí ìlú. Rédíò ń ṣiṣẹ́ rẹ̀: ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń fi iyọ̀ sí i. Etí mi gbọ́ ọ níbi bẹ́ńṣì: Gleb pe ìyá rẹ̀ láti Minsk, ó ní òun ò ráyè. Mo gbé ìgò jáàmù ṣẹ́rí kan fún un lánàá. Ó tọ́ ọ wò, ó ní ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó gbé e wọlé. Lọ́fínńdà yẹn ṣì ń fọ́ mi lórí. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni má tàn mí.

Lẹ́yìn ìsìn, mo gbé agolo ọ̀dà lọ síbojì, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí èèyàn pọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó ti dúró. Ọwọ́ mi ò gún bí tirẹ̀, ibi tí tirẹ̀ parí sí hàn kedere.

Obìnrin tó ń kọ́ni ní jọ́gíráfì láyé ìgbà wa ń kọjá, ọmọbìnrin rẹ̀ àti ọkọ ọmọ náà ń gbé korobá tẹ̀ lé e. Wọ́n dúró. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọ̀dà tó ń kán sí bàtà mi.

"Ìyá Gleb, a ti gbọ́," ni obìnrin náà wí. "Ẹ pẹ̀lẹ́. Irú ọmọ báyìí, kí Ọlọ́run má fi ta wá lọ́rẹ."

Mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Mo ní àmín.