Apá tí Màmá Fi Ń Dán Ewé Wò

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àìrójú. Mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ. Ara ìyàwó mi ti yá. Ikọ́ àbíkẹ́yìn wa ti lọ. Ẹfinrin tí ẹ gbìn sí ẹ̀yìnkùlé ṣì wà. Òun la fi ń tọ́jú inú rírun.

Ọ̀rọ̀ Màmá ni mo fẹ́ sọ. Ẹ mọ̀ pé kì í fi ewé kankan tọ́jú oníbàárà láìkọ́kọ́ fi pa apá tirẹ̀ wò. Ní báyìí, á lọ ewé asùnwọ̀n fún làpálàpá, á fi pa apá, á gbàgbé, á tún fi pa ibẹ̀. Apá náà ti di egbò. Mo ti gba ọmọ ọlọ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mò ń lọ̀ ọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá ewé ló ń woni sàn tàbí ọwọ́ rẹ̀.

Lánàá ó bi mí pé, “Ọ̀gá, ta lẹ wá rí?” Mo jókòó síwájú rẹ̀. Ìgbà tó rí àpá iná ní ọrùn ẹsẹ̀ mi ló rẹ́rìn-ín: “Olórí kunkun! Ṣebí mo ní o má sáré nídìí ààrò?” Ó gbàgbé ojú, kò tíì gbàgbé awọ ara.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wá. Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀. Tí ẹ bá wọlé, ẹ má kọ́kọ́ sọ orúkọ yín. Ẹ ká ọwọ́ ẹ̀wù yín sókè, kó rí àpá kúrúnà ìgúnpá yín.

Àbúrò yín ni.