Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Tó Gba Iwájú Ilé Wa

Oier ọmọ mi, ọkọ mi,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo kí ọ kú òtútù Madrid, mo kí ọ kú làálàá. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run àwa tí à ń gbé orí òkè yóò máa ṣọ́ ìwọ tí o wà lọ́nà jíjìn, ọ̀nà tí o bá tọ̀ kò ní dà ọ́ ṣubú, táyà rẹ kò ní bẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, àmín. Bí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, a ṣì wà láàyè, ká dúpẹ́ ìyẹn ná.

Òjò ń rọ̀ ṣáá. Koríko ti ga débi pé bí màlúù bá dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀, ìwo rẹ̀ nìkan là ń rí. Màlúù wa pupa yẹn ti bí abo kan, mo sọ ọmọ rẹ̀ ní Argi. Àwọn igi ápù ẹ̀yìn ilé so púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ká a, kò sí ẹni tí yóò fún un, torí náà ọtí ọdún yìí yóò kéré, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ló ń jẹ ápù. Fadá wa kú, wọn ò tíì fún wa ní òmíràn, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń yá wa ní ti ìlú ìsàlẹ̀, ó sì máa ń wàásù wàràwàrà bí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń jóná nílé. Owó tí o fi ránṣẹ́ dé báńkì, àmọ́ ẹ̀rọ ara ògiri gbé káàdì mi mì. Mo kí i, mo bẹ̀ ẹ́, mo dúró tì í títí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, torí mo rò pé ẹni tó bá gbé ohun tí kì í ṣe oúnjẹ mì yóò bì í tó bá yá. Kò bì í.

Bàbá rẹ kò sunwọ̀n, n kò ní tàn ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Joxe aládùúgbò wa ló bá mi gbé ibùsùn rẹ̀ sójú fèrèsé, kó lè máa wo àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá ní Sunday, torí ìyẹn nìkan ni ìgbádùn tó kù fún un. Ìwọ náà mọ bí ọ̀nà yìí ṣe rí, ó kúrò létí òkun, ó ń pọ́n, ó ń yí, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń pọ́n títí dé ìdí àgbélébùú olókùúta. Ìdí ẹni lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́ nìkan ni bàbá rẹ yóò wò, yóò ní eléyìí á dé òkè, yóò ní tọ̀hún á bọ́ sílẹ̀ á máa tì í. Kì í ṣì í.

Nekane ọmọ Joxe, èyí tí ń fi ọkọ̀ gbé búrẹ́dì wá fún wa, ló mú fóònù rẹ̀ wá sílé. Ó ní kí n wá wo Oier. Inú mi dùn, mo nu ọwọ́ mi mọ́ aṣọ. Mo rò pé ojú rẹ ni mo fẹ́ rí, àṣé ìlà pupa kan ni. Ó ní ibi tí o gun kẹ̀kẹ́ gbà nìyẹn, pé ohun kan tí o so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ló ń ròyìn rẹ fún ojú ọ̀run, tí ojú ọ̀run sì ń ròyìn fún fóònù. Mo ní ṣé ọlọ́pàá ń wá ọ ni? Ó ní rárá o, ìwọ fúnra rẹ lo gbé e síta. Wọ́n ya òkè wa sínú rẹ̀ bí eyín ayùn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì na àtàǹpàkò sí ọ. Mo bi í pé àwọn wo nìyẹn, ṣé wọ́n ti jẹun nílé wa rí.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìlà náà ti etíkun gòkè, ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì gba iwájú ilé wa gan-an kọjá, ní Sunday tí òjò rọ̀ mọ́jú yẹn. Mo ní fóònù purọ́. Ọmọ mi ò lè gba iwájú ilé bàbá rẹ̀ kọjá kó má yà. Mo sì ní ẹ̀rí, torí èmi fúnra mi wà lẹ́bàá ọ̀nà lọ́jọ́ náà. O mọ̀ pé àwa ará òkè yìí kì í jẹ́ kí ẹni tí ń gun òkè kọjá láìfún un lómi, à báà mọ̀ ọ́n, à báà má mọ̀ ọ́n. Àwọn kan dé, ẹrẹ̀ bo gbogbo wọn, mo bu omi fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń dápàárá, wọ́n ní Màmá, omi yín dùn ju ọtí lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò sọ̀rọ̀. Ó fi aṣọ bo imú, jígí dúdú bo ojú rẹ̀, akoto bo orí rẹ̀. Ó yí ẹ̀yìn sí mi mu omi náà, ó dá ife padà, ó tẹrí ba, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ní odi ni, ó mà ṣe o. Mo gbàdúrà fún ìyá rẹ̀ pé kí Ọlọ́run bá a rọ́jú.

Mo sọ èyí fún bàbá rẹ kó lè bá mi fi fóònù ṣẹ̀fẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ náà, pé láti ìgbà tí o ti já sí kòtò ní kékeré ni èjìká òsì rẹ ti máa ń rẹlẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, kò sí ẹlòmíràn tí ń gùn ún bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbá fèrèsé, àmọ́ gbogbo yín ti yí kọ́nà. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi? Ó ní kí ni òun ìbá ti sọ? Oier, inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n da ọbẹ̀ ẹ̀wà sí i lára. Lẹ́yìn náà mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nekane ló tù mí nínú. Ó ní ohun tí ẹ so mọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn náà ló ń sọ ibi tí ẹ ó yà sí fún yín, pé àwọn kan wà ní ọ́fíìsì tó ń ya ọ̀nà sínú rẹ̀. Mo ní háà, ọ̀rọ̀ ti wá yé mi! Ọmọ mi ò yà torí wọn ò ní kó yà. Kíá ni mo to ẹyin sínú apẹ̀rẹ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ bá wọn ní ìlú ìsàlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin onírùngbọ̀n kan ló dá mi lóhùn, ó sì fún mi ní àga. Mo ní kó bá mi fi ilé Iturralde tiwa sí ọ̀nà náà, kí ẹ̀rọ máa sọ fún wọn kí wọ́n yà. Ó ní ilé iná etíkun tí ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà làwọn ń fi sí i, àti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, àti ibi tí èèyàn ti lè rí òkun dáadáa. Ó bi mí pé kí ló wà nílé wa tí èèyàn á fi dúró. Mo ní bàbá rẹ̀ ni. Ó ní bàbá ta ni? Mo ní bàbá Oier. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó dá ẹyin mi padà, ó ní òfin ò jẹ́ kí òun gbà á. Bí ẹ̀rọ rẹ bá ti ń dárúkọ ilé wa báyìí, òun ló ṣe é o, bá mi kí i.

Mo mọ ohun tó wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Lọ́jọ́ tí o ní o ò jogún ilé, o ò jogún màlúù, bàbá rẹ ní kí o má gun òkè yìí mọ́ àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń gbé òkú òun sọ̀ kalẹ̀. Ẹyin lohùn, ó bọ́, ó fọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ṣebí òsì la fi ń fà á mọ́ra, òsì tirẹ̀ ló kàn pẹ́. Ó ní kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí pé òun ti kó ọ̀rọ̀ òun jẹ. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ń na ọrùn wò bóyá mo kọ ọ́ dáadáa.

Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kí n tètè pe àwọn tó yẹ kí n pè. Bàbá rẹ tilẹ̀ ti ní kí n lọ kan ilẹ̀kùn ilé àwọn oyin bí a ti ń ṣe fún òkú níbí, kí n ní kí wọ́n ṣe ìda sí i fún àbẹ́là òkú òun. Mo ní kó panu mọ́. Ìwọ nìkan ni mo ní láti pè, mo sì pè ọ́, obìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó ní kí n sọ̀rọ̀ tí agogo bá dún. Mo kí i dáadáa, mo ní bí ẹ bá ti fẹ́ra yín, kó bá ọ wá, ìjà ò sí. Kò fèsì.

Bí o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́ fún epo tí a fi ń mú ilé gbóná, Nekane ni kí o fi rán, má fún ògiri mọ́. Bí kò bá tó nǹkan, má fi ránṣẹ́ rárá, fi wọ ọkọ̀ ojú irin. Ọlọ́run yóò fún ọ lẹ́mìí, yóò fún ọ lọ́mọ tí kò ní jìnnà sí ọ, òkè kò ní ga jù fún ẹsẹ̀ rẹ.

Mo ti fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé, ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Lánàá Nekane fi ìlà mìíràn hàn mí, ó ní bí ọkàn rẹ ṣe ń lù lọ́nà nìyẹn. Ó rọra ń lù létí òkun, ó ń yára bí òkè ṣe ń pọ́n, ìyẹn yé mi. Àmọ́ ibi tó ti yára jù kì í ṣe ìdí àgbélébùú tí òkè ti le jù. Iwájú ilé wa ni, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, nígbà tí o dúró tí o ò tilẹ̀ gun nǹkan kan. Mo ní àìsàn nìyí, mo ní kí n kọ̀wé kí o lọ rí dókítà. Bàbá rẹ ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó bú sẹ́kún, Oier, láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ n kò rí i kó sunkún rí. Ó ní kì í ṣe àìsàn, kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé òun náà ní irú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Máa bọ̀ kíá, ọmọ mi.

Èmi ìyá rẹ,
Bixenta, ilé Iturralde.