Èmi Mẹ́ta Nínú Kíláàsì Kan

Bobiel, Niamey
Ọjọ́rú

Sàlímà, ọmọ Jùnáídù ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ooru àdúgbò Plateau tí o ti ń ṣiṣẹ́ mú ọ ju bó ṣe yẹ lọ. Àlàáfíà ni a wà, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ lẹ́tà yìí.

Bàbá rẹ ròyìn ohun tí ojú rẹ ń rí lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní àmì kan wà lẹ́yìn ìkànnì tí ẹ ṣe fún ṣọ́ọ̀bù aṣọ kan ní àdúgbò Talladjé, tí èèyàn kì í rí, òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ tí ń bá ayé wá nǹkan pé ṣọ́ọ̀bù rèé. Ó ní ẹni méjì ló kọ ọ́ síbẹ̀, oníkálùkù kọ tirẹ̀, ni ẹ̀rọ bá rò pé ṣọ́ọ̀bù méjì ni, kò fi èyíkéyìí han oníbàárà mọ́, àti pé bí o kò bá tún un ṣe kó tó di Jímọ̀, ọ̀gá rẹ á gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì. Àánú ẹ̀rọ yẹn ṣe mí o, kó máa tọ ojúlé dé ojúlé nínú oòrùn Niamey yìí! Bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, fún un nínú kúlíkúlí tí mo fi ránṣẹ́.

Má mikàn, ó ti ṣe mí rí. Lọ́jọ́ tí mo wọ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà, Tíṣà Oyètúndé ní ká kọ orúkọ wa sínú rẹ́jísítà. Mo kọ Mọ́rìlíátù tí lèmọ́ọ̀mù sọ mí sórí ìlà kan, mo kọ Àṣàkẹ́ tí ìyá mi ń pè mí sórí ìkejì, mo kọ Ìyá Jùnáídù sórí ìkẹta. Ìwé mẹ́ta ni wọ́n fún mi! Mo fi yangàn fún Ànísátù ará ilé wa títí èsì ìdánwò fi dé: Mọ́rìlíátù yege, Àṣàkẹ́ àti Ìyá Jùnáídù kò wá! Tíṣà ní méjì nínú mi ń sá níléèwé. Ànísátù rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi bọ́ lórí rẹ̀, ó ní kí n lọ wá ẹgba fún àwọn ìsáǹsá méjèèjì.

Tíṣà ní kí n mú ọ̀kan kí òun pa méjì rẹ́. Mo kọ̀. Àṣàkẹ́ tí ìyá mi fi gbé mi jó, ta ni yóò pa á rẹ́? Mo ní kó pa ìlà rẹ́, kó má pa orúkọ, kó kó gbogbo wọn sórí ìlà kan. Bó ṣe tán nìyẹn, ìwé-ẹ̀rí mi sì wà lára ògiri. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, Sàlímà. Ṣa ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú àmì méjèèjì, kó wọn sórí ìlà kan, kí o wá pa ìyókù rẹ́.

Jọ̀ọ́, fi owó ìwé tuntun àti ti gíláàsì ojú ránṣẹ́. Gíláàsì ẹyọ kan ti tó, ojú ẹnì kan ni.

Ọlọ́run kò ní fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á fara hàn, ayé á sì rí i. Bí ẹ̀rọ bá bèèrè iye àwa tó kọ lẹ́tà yìí, sọ fún un pé ẹyọ kan ṣoṣo ni, lórí ìlà kan ṣoṣo:

Mọ́rìlíátù Àṣàkẹ́ Ìyá Jùnáídù.