Rẹ̀mílẹ́kún Tó Wádìí Ikú Ọmọ Wẹ́wẹ́: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Clara Rẹ̀mílẹ́kún Oyèwùmí (1967–2025)

A bí olóògbé Clara Rẹ̀mílẹ́kún Oyèwùmí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1967 ní ìlú Ìkirè, sínú ìdílé Ọláníyọnu. Bàbá rẹ̀ ni olóògbé Pa Adélékè Ọláníyọnu, awakọ̀ lọ́rí tó ń kó kòkó lọ sí Ìbàdàn. Ìyá rẹ̀ ni Màmá Comfort Ọláníyọnu, oníbúrẹ́dì, ẹni tó ṣì wà láyé. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí, gbólóhùn yẹn ló ń ti Màmá lójú jù. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni, eyín ẹnu rẹ̀ kò pọ̀ mọ́, orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, síbẹ̀ òun ló ń kọ ìtàn ọmọ tó yẹ kó kọ tirẹ̀. Tẹ́ní, ọmọ olóògbé, ló ní kò sí ẹlòmíràn tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àgbà ìdílé gbà kí Màmá kọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò gbọdọ̀ tẹ̀lé òkú dé itẹ́, nítorí ìyá kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀.

Olóògbé ni ọmọ kẹrin tí ìyá rẹ̀ bí, òun sì ni àkọ́kọ́ tó dúró. Ìgbẹ́ gbuuru ló mú àkọ́bí lọ, ibà mú èkejì, ikọ́ mú ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ olóògbé lórúkọ, àwọn àgbà ilé ní Kòsọ́kọ́ ni kó máa jẹ́, kí ikú lè gbọ́ pé kò sí ohun tí wọn yóò fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ̀ dáhùn pé, “Ọkọ́ wà nílé. Èmi ni mi ò ní í gbé e mọ́.” Ó sì sọ ọ́ ní Rẹ̀mílẹ́kún.

Àwọn ará àdúgbò ti fún ìyá rẹ̀ ní orúkọ tiwọn: àjẹ́ tó ń pa ọmọ. Bó bá gbé igbá búrẹ́dì kọjá, olọ́mọ a fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ìtìjú yẹn ló kọ́ ọ ní ẹ̀rín. Ẹ̀rín tí gbogbo ìjọ mọ Màmá mọ́ ní Norcross, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, èyí tó máa ń jí àwọn tó ń sùn nígbà ìwàásù, Ìkirè ló ti kó o wá.

Olóògbé lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ní Ìkirè. Ó wọ Yunifásítì Ìbàdàn ní 1985, ó sì kàwé jáde nínú ìmọ̀ ìṣirò ní 1989. Ní 1992, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà lọ sí ìlú Umeå, ní àríwá orílẹ̀-èdè Sweden. Iṣẹ́ tó yàn níbẹ̀ ni láti wádìí bí ikú ọmọdé ṣe dínkù ní Sweden láti ayé àwọn baba ńlá wọn títí di òní. Nígbà tí ìròyìn náà dé etí ìyá rẹ̀, inú bí i. Ó ní, ṣé ó ráyè dé Òkè Òkun tán, ikú ọmọ ló lọ ń kà? Ó sọ fún ẹgbẹ́ ìyá ìjọ pé báńkì ni ọmọ òun wà.

Ní 1996, olóògbé fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Akín Oyèwùmí, apòògùn. Wọ́n kó wá sí Atlanta ní 1999, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Austell, nítòsí ibẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ títí dọjọ́ ikú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń rí sí ìlera aboyún àti ọmọ ìkókó.

Nígbà tó bí Tẹ́ní ní ọdún 2000, Màmá dé láti wẹ ọmọ. Ó gbé ọṣẹ dúdú dé, ó gbé òrí dé, ó sì fẹ́ rọ ọmọ lómi.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ọmú nìkan.”

“Omi ni mo fún ìwọ náà mu, ìwọ kọ́ lo jókòó síbẹ̀ tí ò ń fẹnu bá mi jà yìí?”

“Orí ló kó mi yọ, Mọ́mì.”

Màmá rẹ́rìn-ín, ó sì gbé ife omi. Olóògbé ní kó jókòó. Ó sọ fún un pé láyé ọjọ́un, ní àríwá Sweden, àwọn ìyá tí iṣẹ́ oko kò jẹ́ kí wọ́n ráyè a máa fi ìwo rọ ọmọ ní wàrà màlúù, wàrà a sì kan nínú ìwo. Nínú ọmọ márùn-ún tí wọ́n bí ní orílẹ̀-èdè náà, ọ̀kan kì í pé ọdún kan.

“Òyìnbó? Òyìnbó náà ń sin ọmọ?”

“Wọ́n sin ín títí.”

“Ta ni wọ́n ní ó pa wọ́n?”

“Omi ìdọ̀tí. Ṣánpọ̀nná. Ikọ́. Ebi.”

“Wọn ò sọ pé ìyá wọn ni?”

Olóògbé kì í purọ́. “Àwọn kan sọ bẹ́ẹ̀, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n àwọn agbẹ̀bí ń ti ilé dé ilé kọ́ wọn ní fífún ọmọ lọ́mú. Abẹ́rẹ́ dé. Omi mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ikú ń dínkù. Lónìí, nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ, bí mẹ́ta ni. Wọn ò pààrọ̀ ìyá, Mọ́mì.”

Màmá gbé omi náà lọ dà nù. Ó pẹ́ ní balùwẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ní ọṣẹ ló kó sí òun lójú, bẹ́ẹ̀ kò tíì tú ọṣẹ.

Olóògbé jẹ́ olùkọ́ àwọn aboyún nínú ìjọ. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní wíà-haòsì, ilé ìkẹ́rùsí ńlá, ní Union City a máa ti ṣíìfù wá bá a pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Bí ọmọ bá kú mọ́ obìnrin lọ́wọ́, kì í jẹ́ kí wọ́n ti ìyá mọ́lé lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó ní ẹni tó bí i ló yẹ kó mọ ibi tó sùn sí.

Ní 2011, ó bá Màmá lọ sí Ìkirè, ó ní kó fi ibi tí àwọn mẹ́ta tó ṣáájú òun wà han òun. Màmá tọ́ka sí ẹ̀yìnkùlé, ó tún tọ́ka sí ìdí ọsàn. Kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọkùnrin ló gbé wọn lọ, inú yàrá ni wọ́n ti di òun mú. Ìyá ọmọ mẹ́ta dúró láàárín ilé ọkọ rẹ̀ bí àlejò tó ṣìnà. Olóògbé di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú.

Ó dákẹ́ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Ó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, Tẹ́ní àti Eli, àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, Praise, tó ti ń rìn tagétagé. Ó fi ìyá rẹ̀ náà sílẹ̀.

Alàgbà Adégbóyèga, àbúrò bàbá rẹ̀, pè láti Ìkirè: “Ìyàwó wa, ẹ jókòó sílé. Ojú yóò tì wá.” Màmá fi orúkọ tó ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn pé, “Akọ́wé, ojú ti ń tì mí kí ẹ tó hu irùngbọ̀n. Ó ti mọ́ mi lára.”

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìsìn, Tẹ́ní yóò ti Màmá lórí àga onítáyà dé etí sàréè. Ẹ má bẹ̀rù bí àga náà bá ń ké. Ìdí tó wà lórí rẹ̀ ló tóbi. Ẹni tí kò bá lè wò ó, kó wo ilẹ̀. Ojú yóò máa ti Màmá, yóò sì máa wò.

Sùn ire, Rẹ̀mílẹ́kún. Ìyá rẹ yóò mọ ilé rẹ.