Ẹ̀kúnwọ́ Kan Láti Inú Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé

Òkè-Ọ̀dàn,
Oṣù Kejìlá, 2019.

Àkànní ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run fún ọ níbi tí o wà ní Èkó yẹn. Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú jíjí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn jẹ. Ara mi le díẹ̀, àgbàdo oko Ajílété náà kò burú, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti ti bódà ni ṣọ́ọ̀bù ìrẹsì mi ti ṣófo.

Bàrúwà dírẹ́bà gbé kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí o fi rán an dé. Ó ní àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní kí òun tú páálí náà lójú ọ̀nà, bóyá ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀. Mo gbé e ka orí káńtà tí mo ti ń wọn ìrẹsì tẹ́lẹ̀. Ẹyẹ oníkùn funfun kan jókòó sójú kọ̀ǹpútà náà, mo sì ti mọ̀ pé àmì ọjà ni, bí àwòrán tí wọ́n máa ń yà sára àpò ìrẹsì, ìdí nìyẹn tí n kò fi bi ọ́.

Bí o ṣe là á sílẹ̀ lórí fóònù ni mo ṣe é. Mo ṣí ojú dúdú tí a ń kọ àṣẹ sí yẹn, ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ àṣírí, mo tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kankan kò hàn. Mo tún un tẹ̀ léraléra, ojú náà ṣófo síbẹ̀, mo bá bú u díẹ̀. Ìgbà tí o wá sọ fún mi pé ó ń gbọ́, pé ó kàn ń bò mí láṣìírí ni, mo bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà mo kọ lpstat tí o ní kí n fi bi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bí ó ṣe wà. Òyìnbó tó fi dáhùn kò le, ó ní òun jókòó lásán, kò síṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Mo ní àwa méjèèjì ni.

O ní kí n tẹ ojú ìwé àyẹ̀wò kan. Àkànní, ó jáde pẹ̀lú pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ta ìrẹsì. Kò sẹ́ni tó ń ra àpò láìtọ́ ọ wò, ẹ̀kúnwọ́ kan gbọ́dọ̀ bá oníbàárà relé, tó bá sè é tó wú, á padà wá. Ògúnníyì, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn ọjà, ti ní òun máa gbé gbogbo ìbéèrè ìdánwò sáà yìí fún mi tí iṣẹ́ mi bá mọ́, iṣẹ́ tí mo lè máa jẹ títí bódà á fi ṣí. Mo bá tẹ ìwé àyẹ̀wò kan kó mú relé. Mo tẹ ti àwọn tíṣà rẹ̀, mo tẹ ti ilé kéú, mo tẹ ti àwọn ará Ajílété, àwọn tó ń kọjá lọ náà tọrọ. Ẹni tó bá ń ṣahun ìtọ́wò kò lè tajà. Gbogbo wọn ló yìn ín, àwọn kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Epo jẹnẹrétọ̀ tí mo fi ń tan ẹ̀rọ náà sì rèé, ìjọba ò gbà kí wọ́n tà á nítòsí bódà mọ́, láti Ìlaro ni ọlọ́kadà ti ń bá mi rà á díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ tí Ògúnníyì gbé ìbéèrè dé, funfun ni ìwé ń jáde. Mo ti pín íńkì náà tán. Tó bá jẹ́ àpò ìrẹsì ni, ǹ bá ti rí i bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ojú tì mí. Ọkùnrin náà kò bínú, ó ní ẹnì kan ní Ìlaro ti ń bẹ òun fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n òun á dúró dè mí di ọjọ́ Mọ́ńdè.

Jọ̀wọ́, fi íńkì rán Bàrúwà sí mi, dúdú nìkan ti tó, àti owó epo díẹ̀. Tí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, má yáwó. Ṣáà pè mí, kí n tètè lọ sọ fún un pé kó gbé iṣẹ́ náà lọ sí Ìlaro. N kò fẹ́ kó jókòó máa retí mi. Mo ti mọ bó ṣe ń rẹ èèyàn tó láti máa retí ohun tí kò sẹ́ni tó wá sọ fún un pé kò ní í dé.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ fún mi. Ibi tí o bá dojú kọ, wọn kò ní tì í kí o tó dé ibẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sẹ̀kínát.