Má Bo Ojú Mi Nínú Fíìmù Yẹn

Ìfọ̀,
Oṣù Kẹwàá, 2007.

Àjíbíkẹ́ mi, ọmọ tí Ọlọ́hun kò gbà lọ́wọ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó? Ṣé eegun ríro yẹn kò yọ ọ́ lẹ́nu nínú òjò yìí? Ara wa le níhìn-ín, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ mi tó máa ń jẹ aṣọ ti bí ìbejì, àwọn ọmọ náà sì ti ń jẹ aṣọ.

Bá mi bẹ Dáníẹ́lì àti àwọn tó bá a gbé kámẹ́rà wá. Òun ló ní kí n máa ṣe bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀, kí fíìmù àìsàn rẹ lè dára. Ìdí nìyẹn tí mo fi jẹ ẹ̀bà tán lójú wọn láìsọ pé ẹ wá jẹun, tí wọ́n sì dágbére tí n kò dáhùn. Ó ń dùn mí títí dòní. Wọn á ní ahun ni ìyá rẹ.

Bàbá Wúlẹ̀mọ̀tù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, wá bá mi jà nítorí fíìmù náà. Ó ní ta ló máa fẹ́ àwọn ọmọ òun bí ayé bá gbọ́ pé fòníkú-fọ̀la-dìde wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Mo ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó fẹ́ ọkọ, èmi àti bàbá rẹ, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, ni kò mọ̀. Mo ní ọmọ mi kò jalè. Ó ní ojú mi á rí nǹkan. Mo ní nígbà tí mo ń pọ̀n ọ́ lọ sí ọsibítù nínú òjò, tí kò yà wá wò, ojú mi ti rí i tán.

Àfi bí lẹ́tà rẹ ṣe dé, pé nítorí ìjà yìí, o fẹ́ kí wọ́n fi nǹkan bo ojú mi nínú fíìmù. Àjíbíkẹ́! Ojú tí mo lé tìróò sí? Bí wọ́n bá bò ó, báwo ni n ó ṣe rí àwọn tó ń wò mí? Mo fẹ́ rí Bàbá Wúlẹ̀mọ̀tù dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé fíìmù náà sórí tẹlifíṣọ̀n.

Jọ̀wọ́, fi owó epo jẹnẹrétọ̀ ránṣẹ́, iná ìjọba kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Àgbàlá ni a ó gbé tẹlifíṣọ̀n sí, kí gbogbo àdúgbò rí ọ.

Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí n sin ọ́. Ìwọ ni wàá sin mí, lórí ẹsẹ̀ tí wọ́n ní kò ní gbé ọ dé ogún ọdún.

Èmi ni ìyá rẹ, Mùnírátù. Kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ ojú mi.